Orúkọ Tí A Kì Í Pè Lórí Òkè

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo gun òkè àwọn Ínkà ní ilẹ̀ Pérù pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, mo sì ti padà sí kíṣìnì mi ní Barking kí omi tíì tí mo gbé kaná tó hó. Àwọn àgbà ìjọ wa tí mo sọ ọ́ fún lẹ́yìn ìsìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan nínú wọn wo ẹsẹ̀ mi tí kò wọ nǹkan kan, bí gbogbo wa ṣe máa ń wà nínú sùtánà, ó ní ṣé orí òkè yẹn ni mo gbàgbé sálúbàtà ọ̀hún sí. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkè yẹn kò bẹ̀rẹ̀ ní Pérù. Inú òórùn kan ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà nílùú olókè bíi tèmi, ẹ ó mọ òórùn náà: òórùn àpáta tí oòrùn ti yan látìgbà ọyẹ́, tí òjò àkọ́rọ̀ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé lórí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá bu omi sínú ìkòkò gbígbóná tó ṣófo. Bí òórùn yẹn bá ti wọlé láàárọ̀, a mọ̀ pé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, yóò ti to ìgbálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì ti di ẹ̀pà yíyan sínú ewé. Ọjọ́ tí a ó gun òkè lọ gbá ilé àtijọ́ ni.

Orí òkè ni àwọn bàbá ńlá wa gbé nígbà ogun. Nígbà tí ogun tán, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi ìlú wọn sílẹ̀ síbẹ̀: ìpìlẹ̀ ilé tí wọ́n fi òkúta tò, àfọ́kù ìkòkò, ojú ibi tí àwọn obìnrin ti lọ ata títí ó fi jinlẹ̀ sínú àpáta bí àwo ọbẹ̀. Lọ́dọọdún, kí iṣẹ́ oko tó bẹ̀rẹ̀, agboolé kọ̀ọ̀kan á rán àgbà kan àtàwọn ọmọ mélòó kan lọ gbá ojúlé tiwọn. Ìyá Àgbà ni amọ̀nà tiwa, kò sì sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ níbẹ̀. Á fi ìgbálẹ̀ nàka sí òkúta pẹrẹsẹ kan, á ní, "Ibí ni bàbá ńlá yín máa ń jókòó sí bí inú bá ń bí i." À á sì rọra yà fún òkúta náà.

Òfin kan ṣoṣo ló wà. Òkúta ńlá méjì kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n kọjú síra bí ìlẹ̀kùn. Bí a bá ti kọjá wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, àfi oríkì. Èmi Àyọ̀délé á di Àkànní, Bọ́sẹ̀dé àbúrò mi á di Àṣàkẹ́. "Ẹ má jẹ́ kí òkè há orúkọ yín sórí o," ni Ìyá Àgbà máa ń wí. Kò sọ ohun tí òkè máa fi orúkọ ṣe bó bá há a sórí tán. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí mò ń wí yìí, Bọ́sẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Ìyá Àgbà ti wà níwájú, ó ń gbálẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Bọ́sẹ̀ rí alángbá olórí pupa kan, ó tẹ̀ lé e lọ sétí àpáta, níbi tí òjò ti sọ gbogbo ojú rẹ̀ di yíyọ̀. Mo ṣí ẹnu kí n pe Àṣàkẹ́. Bọ́sẹ̀dé ló jáde.

Ó dúró, ó yíjú padà, ó bínú pé mo lé alángbá òun lọ. Ṣùgbọ́n òkè tó wà lódìkejì dá a pè: Bọ́sẹ̀dé. Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, jẹ́jẹ́, bí ọmọ iléèwé tó ń kọ́ ohun tí tíṣà ní kó mọ̀ sórí. Ìyá Àgbà kò gbọ́, etí rẹ̀ kan ti ń di nígbà yẹn. Mi ò sì sọ fún un.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ni iléèwé wa wà, fèrèsé kíláàsì àwọn kéékèèké sì dojú kọ ọ́ gbangba. Láràárọ̀ ni tíṣà wọn máa ń pe rẹ́jísítà, ohùn rẹ̀ sì ń lọ bíi fèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní kíláàsì tèmi lọ pa fèrèsé yẹn dé kó tó kan Bọ́sẹ̀dé. Ó nà mí lẹ́gba mẹ́fà lọ́jọ́ kìíní. Ó nà mí lẹ́gba mẹ́fà lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ó bi mí léèrè ohun tí fèrèsé ṣe fún mi, mo ní atẹ́gùn ló ń wọlé. Ibi tí ìwé mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi máa ń sọ pé orí mi ni kò gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibà mú Bọ́sẹ̀. Irú ibà tó ń mú gbogbo ọmọdé lásìkò òjò ni. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n fi aṣọ tútù lé e níwájú orí. Nínú gbogbo ilé, èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó ń pè é. Mo jókòó tì í, mo fẹ̀yìn dí ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí kò lè gbé ẹ̀kọ mímu mì mọ́, mo dìde láàárọ̀, mo dá gun òkè lọ. Mo kọjá òkúta méjì yẹn, mo dúró lójú ilé àtijọ́, mo sì pariwo orúkọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, kí òkè lè gbàgbé tirẹ̀ kó sì mú tèmi. Kí n tó délé, Bọ́sẹ̀ ti ń béèrè omi. Ó ti dìyá arúgbó ní Àkúrẹ́ báyìí, kò sì sígbà tí ẹbí péjọ tí kì í sọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun fi orúkọ ara rẹ̀ ra òun padà.

Nígbà tí mo ti ń hu irùngbọ̀n ni mo tó bi Ìyá Àgbà pé kí ni òkè ń fi orúkọ ṣe. Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

"Òkè kẹ̀? Àwọn ọmọ ogun tó wà nísàlẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ, wọ́n á mọ ilé tó ṣì kù téèyàn wà nínú ẹ̀."

Ogun ti tán kí wọ́n tó bí i, kò kàn sẹ́ni tó rántí sọ pé kí á máa pe orúkọ padà. Àlàyé náà yé mi yékéyéké. Ẹ̀rù mi ni kò yé.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí lórí òkè àwọn Ínkà. Ẹ má wò mí báyẹn. Mo ní mo gùn ún, mi ò ní ẹsẹ̀ mi ni mo fi gùn ún. Dámilọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló lọ. Ó pè mí lórí fóònù, irú èyí tí ojú ń rí ojú. Mo gbé fóònù náà ti agolo ṣúgà, mo gbé omi tíì kaná, ó sì ń gbé mi kiri inú ìlú tí wọ́n fi òkúta kọ́ sórí òkè láyé àtijọ́. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ mi, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìkùukùu ṣì bo ibẹ̀.

Ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Màríò, ọmọ abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, ni amọ̀nà rẹ̀. Kí wọ́n tó wọlé, ó to ewé mẹ́ta léra, ó fẹ́ èémí sí wọn, ó sì nà wọ́n sí òkè bí ẹni ń kí àgbà. Mo ní háà, èyí àti Ìyá Àgbà á gbọ́ ara wọn yé. Lẹ́yìn náà mo rí ojúlé tí kò lórùlé, mo rí ògiri tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ǹtì sí i. Òórùn àpáta yẹn sì wọ kíṣìnì mi. Mo mọ̀ pé fóònù kì í gbé òórùn. Ó wọlé ṣá.

Dámi fẹ́ kí n rí àfonífojì. Ó kẹ̀yìn sí i, ó na fóònù sókè, ó wá ń fẹ̀yìn rìn. Mo rí ibi tí ilẹ̀ parí sí lẹ́yìn rẹ̀. Ìkùukùu ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Màríò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ni mo wí. "Àbẹ̀kẹ́, dúró."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Ta ni Àbẹ̀kẹ́, Bàbá Àgbà? Ṣé ẹ ní àlejò ni?"

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ní Dagenham ni mo fún un ní oríkì yẹn, kò sì sẹ́ni tó tún fi pè é láti ọjọ́ náà. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí? Mo ti kọjá ẹni àádọ́rin ọdún, Ìyá Àgbà ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún mi, ojú fèrèsé mi ń wo odò Thames, síbẹ̀ oríkì yẹn náà ni mo tún fi pè é. Ó tún gbé ẹsẹ̀.

"Dámilọ́lá!"

Aládùúgbò mi gbá ògiri. Dámi dúró gbọn-in, Màríò fò dìde, ó gbá a lápá mú. Mo sì gbọ́ ọ láti inú fóònù, bóyá òkè ni, bóyá ẹ̀rọ ni, mi ò lè sọ: Dámilọ́lá. Ó tún un pè. Mi ò dúró de ẹ̀kẹta. Mo bọ́ síwájú fóònù, mo ké Àyọ̀délé, mo ké e lẹ́ẹ̀mẹta, títí ohùn mi fi há. Mo gbọ́ tí Màríò béèrè ohun tó ń ṣe bàbá náà. Dámi ní orúkọ ara wọn ni wọ́n ń pè, òun náà ò mọ̀dí ẹ̀. Kẹ́tùlù hó, ó sì pa ara rẹ̀.

Títí ọmọ náà fi dé, mi ò jẹun gidi. Ó dé, ó gbé fìlà onírun kan wá fún mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ máa fi Àbẹ̀kẹ́ pe òun kí ó lè mọ́ òun lára.

Irọ́ Pérù, ẹ ti mú mi níbẹ̀. Ó ku ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bọ́sẹ̀ kò lè gbé ẹ̀kọ mì, mo gun òkè lóòótọ́, mo sì dé ibi òkúta méjì yẹn. Mi ò kọjá wọn. Mo ṣí ẹnu, orúkọ mi kò jáde, mo sì sọ̀kalẹ̀ padà sílé. Ibà náà fúnra rẹ̀ ló lọ. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn kò lè ṣe, arúgbó yìí ṣe é, ṣùgbọ́n inú kíṣìnì ló ti ṣe é, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ariwo ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ní mo pa lórí òkè wa, tí Bọ́sẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dòní, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀.