Ìwọ́ Ọmọ Mi ní Ilẹ̀ Onílẹ̀

Irọ́ ni mo pa fún màmá mi lórí fóònù kí n tó bímọ. Mo ní a ti ra ilé ní Chicago. A ò ra nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ilé olókùúta àtijọ́ kan la háyà ní South Side.

Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ irin ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn láyé àtijọ́. Ìyá òyìnbó arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló sọ ọ́ fún mi. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ó ní bí ọkùnrin bá ti fara pa tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìdílé ẹ̀ á palẹ̀ mọ́, ìdílé mìíràn á kó wọlé. Òkúta àtẹ̀gùn iwájú ilé ti gbó, ó ti jìn láàárín, níbi tí gbogbo wọn ti ń tẹ̀ ẹ́.

Màmá mi wá bá mi wẹ ọmọ. Wọ́n fọwọ́ gbá ògiri, wọ́n ní, "Ilé olókùúta! Ọmọ mi, o ṣe bẹbẹ." Mo rẹ́rìn-ín bí onílé.

Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, wọ́n fi sínú agolo ìpara kékeré, wọ́n mú ṣíbí, wọ́n lọ sin ín sẹ́yìn ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ẹni là ń sin ìwọ́ ọmọ sí, kì í ṣe ilẹ̀ tí a háyà. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mi ò lè la ẹnu. Wọ́n padà sílé ní Ìbàdàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n kú, mi ò sì tíì sọ òótọ́ fún wọn.

Lóṣù tó kọjá, lándìlọ́ọ̀dù kọ lẹ́tà sí wa pé wọ́n fẹ́ wó ilé náà. Ẹ̀rù bà mí. Katakata á wa ìwọ́ ọmọ mi pọ̀ mọ́ àwókù. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí n kò lọ síbi iṣẹ́, mo gbé ṣọ́bìrì, mo gbẹ́ ìdí ògiri tí mo rò pé wọ́n sin ín sí, mo gbẹ́ gbogbo àgbàlá. Mi ò rí agolo kankan. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni Màámi sin ìwọ́ yẹn sí? They're demolishing the house next week, mi ò rí i!"

Ẹ̀gbọ́n mi ní:

"Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa níbí ló wà, nídìí igi ọsàn. Màámi hú u, wọ́n gbé e bọ̀ nínú handbag wọn. Wọ́n gbọ́ ẹ níbi tó o ti ń bẹ landlord pé kó jẹ́ kó o kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ, kí ojú má baà tì ẹ́."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Títí ọjọ́ tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ òfúrufú ni màmá mi ń pè mí ní onílé níwájú àwọn ará ìjọ wa, bẹ́ẹ̀ Màámi ti mọ̀ pé irọ́ ni. Mo bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni mo ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn, níbi tí wọn ò ti lè gbọ́ mi mọ́: "Màámi, ilé wa kọ́ o. A háyà ẹ̀ ni."