Omi Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀rá

Ẹ má sọ fún mi pé ká dárí jì í. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò dárí ji ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi tí mò ń wòran gan-an kò sì tíì ṣetán.

Iṣẹ́ ilẹ̀ ilé ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Táìlì ni o, pákó ni o, rọ́bà ni o, kò sí èyí tí kò lè tẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń jẹun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Akúnlẹ̀ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ yàrá abẹ́ ilé ni, èyí tí wọ́n gbẹ́ wọ inú ilẹ̀, kì í fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tó bá kọ́kọ́ fi tépù lẹ ọ̀rá mọ́ símẹ́ńtì fún ọjọ́ méjì gbáko. Tí omi bá hàn lábẹ́ ọ̀rá, pákó ò gbọdọ̀ débẹ̀. Táìlì ló ń bá omi gbé.

Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọ̀gá rẹ̀ ní kò sáyè fún ọ̀rá, oníbàárà ń kánjú. Wọ́n tẹ́ pákó. Kò pé oṣù mẹ́ta tí pákó fi wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ọ̀gá wá lanu gbàgà, ó sọ fún màmá tó nilé pé ọmọbìnrin yìí ni kò mọṣẹ́. Màmá sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Odindi ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbá ilẹ̀ tí ẹlòmíì tẹ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan pè é pé kó wá bá òun tẹ́ yàrá abẹ́ ilé, bàbá òun ló fẹ́ máa gbébẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ta ló jókòó sórí àga? Ọ̀gá ni! Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn ṣìnkìn.

“Pákó ni mo fẹ́,” ni bàbá wí, kò wojú rẹ̀.

“Yàrá yín ni, sà.” Ó lẹ ọ̀rá rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo tẹ̀ lé e, torí irú ìran bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ròyìn fúnni. Ó ní kí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọ̀rá. Omi ti sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ìrì.

“Dádì, ẹ ò rí i? Táìlì ló yẹ ibí!” ni ọmọ rẹ̀ wí.

“Mo ní pákó!” Bàbá fàáké kọ́rí. Tó bá gbà fún ọ̀rá lónìí, ó ti jẹ̀bi ẹjọ́ ọjọ́sí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi fa bébà yọ. “Ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé ẹ rí omi, ẹ sì ní pákó lẹ fẹ́, kí wọ́n má baà tún sọ pé èmi ni mi ò mọṣẹ́.”

“Tún kẹ̀?” ni ọmọ bàbá béèrè. “Ta ló ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀?”

Bàbá ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò.

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. “Èmi ni,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Èmi ni mo ní kó má lẹ ọ̀rá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ò lẹ́bi.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti pe màmá tó nilé ọjọ́sí lórí fóònù. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu bàbá.

“Ẹ tún un sọ, sà.”

Bàbá tún un sọ.

“Màmá ò gbọ́ dáadáa, sà. Ẹ sọ ọ́ sókè.”