Ọjọ́ tí Mo Béèrè Ìtumọ̀ ní Ilé Kéú

Wàláà mi, pátákó tí mo fi ń kọ́ kéú, là sí méjì nítorí ìbéèrè kan ní ilé kéú wa ní Ìta Fájì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, lọ́dún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún.

Mo ka súrà mi tán, mo ní, “Àfáà, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

“Kà á sórí ná!”

“Mi ò ní kà á mọ́, sà, àfi tí mo bá mọ ohun tí mò ń sọ.”

Àfáà gbé pàṣán; mo fi wàláà gbà á, wàláà bọ́ lulẹ̀, ó là.

Ọ̀rẹ́ mi Sàídátù ní, “Ó parí! Wọ́n máa lé ẹ.”

N kò bẹ̀bẹ̀.

Àfáà fi pàṣán sílẹ̀, ó ní, “Èmi náà fẹ́ béèrè rí, ẹ̀rù ló bà mí. Láti ọ̀la, a ó máa gbọ́ ìtumọ̀ ká tó kà á sórí.”