Ọjọ́ Tí Mo Fi Fóònù Wo Ọjà Ẹja Ẹ̀pẹ́

Ọ̀gá ilé-àlejò kan ní Ìkòròdú mọ̀ dájú pé obìnrin kò ní lè jáde lọ́jọ́ kejì, mo bi í léèrè lójúkojú, ó sì purọ́ fún mi.

Ó ti pẹ́ díẹ̀, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní Òṣogbo. Ọkọ mi ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ìwé kan náà. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa la ti ń sọ pé a ó lọ wo Èkó, kì í ṣe nítorí òkú tàbí ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni, ká ṣáà lọ fi ojú jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta la rí gbà. Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti ọkọ mi: ó fẹ́ wo àwọn ilé gíga tó wà ní Erékùṣù, ó sì ń ka àjà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọrùn fi ń dùn ún. Ọjọ́ Ẹtì ni tèmi, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́. Nítorí rẹ̀ la ṣe gba yàrá sí Ìkòròdú, tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Ní Àbámẹ́ta, a ó padà sílé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí: òjìjí, ẹja tí iná wà lára rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó, mi ò rí i láàyè rí. Bí wọ́n bá bi mí ní kíláàsì bóyá ó máa ń gbé èèyàn bí iná mànàmáná, ohun tó wà nínú ìwé ni mo máa ń sọ. Mo fẹ́ fi ìka ara mi kàn án, kí n lè sọ ohun tí mo mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a yà ra búrẹ́dì ní Ìtamàga, nínú Ìkòròdú níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń ra ata, búrẹ́dì àti kẹrosíìnì bí ẹni tí ogun fẹ́ ká mọ́lé. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, ó ní orò ni lọ́la. Mo ní ó dáa. Orò tí èmi mọ̀ níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, òru ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, obìnrin á gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, kò sọ sí mi lọ́kàn pé ti ìlú mìíràn lè jẹ́ ojú ọ̀sán gangan. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé-àlejò, mo ṣì bi ọ̀gá ibẹ̀ pé aago mélòó la lè jáde lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ìgbà tó bá wù yín, Màdáàmù."

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mo ti wọ bàtà. Obìnrin tó ń dáná níbẹ̀ fi ara dí ẹnu ọ̀nà, ó bi mí pé níbo. Mo ní Ẹ̀pẹ́. Ó wo ọkọ mi, ó wò mí.

"Bàbá lè lọ," ó ní. "Ẹ̀yin, ẹ wọlé, ẹ wá bá mi ṣa ẹ̀wà."

Òun fúnra rẹ̀ ti wá sùn síbẹ̀ láti àná kó má bàa há sílé. Ó ṣàlàyé pé títí di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kankan kò gbọdọ̀ sí níta, àti pé ìlú ti kéde rẹ̀ tipẹ́. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá ní ká má sọ fún àlejò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ó kó lọ sùn sí Ẹ̀pẹ́, yàrá á ṣófo."

Mi ò sunkún. Inú bí mi.

Ọkọ mi ní òun náà ò lọ mọ́. Èmi ni mo lé e jáde, mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ dání, kó lọ bá mi wò ó. Ọkọ̀ tó wọ̀ ní Gáréèjì, ọkùnrin nìkan ló kún inú rẹ̀.

Èmi àti obìnrin olóúnjẹ jókòó ti ẹ̀wà, fèrèsé wà ní títì. Òde dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo bi í pé bí ìrọbí bá mú obìnrin lónìí ńkọ́? Obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ tó kàn ń kọjá lọ ńkọ́? Ó dá mi lóhùn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ní, "Àǹtí, ìbéèrè yín pọ̀ ju ẹ̀wà yìí lọ."

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, fóònù mi dún.

"Ó wà níwájú mi," ọkọ mi ní. "Inú bàsíà ni. Ó ń mí."

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Bí eérú. Ó ní àmì dúdú mẹ́rìndínlógún. Dúró. Mẹ́tàdínlógún."

"Ta ló bi yín ní iye? Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Méjì."

Mo gbọ́ ohùn ẹlẹ́ja lẹ́yìn rẹ̀: "Bàbá, ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?" Àwọn obìnrin yòókù bú sẹ́rìn-ín, níta gbangba, nínú oòrùn. Mo ní kó fọwọ́ kàn án. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ràn òun. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbọ́ "yéè", mo gbọ́ omi, ìpè sì já. Fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, ó gbé ẹja náà wá nínú ọ̀rá. Ó ti kú sọ́nà. Mo bi í bí iná náà ṣe rí, ó ní bí ìgbà tí èèyàn fi ìgúnpá gbá ògiri ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin olóúnjẹ yá mi ní ọ̀bẹ, mo la ẹja náà lórí àwo. Lábẹ́ awọ rẹ̀ ni mo ti rí ohun funfun kan tó yí ara rẹ̀ ká bí ọ̀rá ẹran. Ibẹ̀ ni iná ń gbé. Èmi àti obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Mo fi ìka kàn án. Òkú ni, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Mo gbé àwo náà lọ bá ọ̀gá. Ó ní kí n má bínú, òun rò pé Bàbá nìkan ló ń lọ. Ó ti gbàgbé pé èmi ni mo béèrè.

Mi ò bá ìlú jà. Ìlú ló ni àṣà rẹ̀, ó sì yẹ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún un? Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dá mi lóhùn: ká ní mo jáde kí obìnrin yẹn tó jí, ta ni ì bá dá mi padà? Ṣé yàrá kan tó ṣófo tó ohun tí ẹ ó torí rẹ̀ fi ẹ̀mí àlejò wewu? Ẹ̀yin tí ẹ sì ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ló yẹ kó lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ló dé tí kò lẹ̀ ẹ́?