Oògùn Tí Alhaji Mu Kù

Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́: oògùn òkú ni mo fi wà láàyè. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn tùràrí lórí ẹyín iná, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi wọ́n, ẹnu ọ̀nà ilé kan ní àdúgbò Mando ni ọkàn mi máa ń sá lọ, níbi tí mo ti bọ́ bàtà mi sílẹ̀ láàárín bàtà àwọn tó wá kí ìdílé òkú, tí ẹ̀rù sì ń bà mí bí ẹni tó fẹ́ jalè.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ nínú mi kì í ṣe tèmi. Àbúrò mi obìnrin ló fún mi ní ọ̀kan nínú tirẹ̀, látìgbà náà ni mo sì ti ń di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Bí mo bá ṣòfófó, kíndìnrín yẹn ni. Àmọ́ ara èèyàn kì í gba àlejò tìfẹ́tìfẹ́. Oògùn kan wà tí àwa tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún gbọ́dọ̀ máa mu títí ayé, kí ara má baà dìde sí ohun tí wọ́n gbìn sínú rẹ̀. Hóró mẹ́ta laago mẹ́fà àárọ̀, hóró mẹ́ta laago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iye yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kan, Alhaji, ń mu, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fún ní kíndìnrín. Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn la ti mọra, níbi tí a ti máa ń dúró de dókítà. “Malam,” á ní, “ṣé kíndìnrín obìnrin yẹn ò tíì sọ pé kí o lọ dirun?” Èmi á ní ó ti sọ, irun ni mi ò ní.

Lọ́dún tí dọ́là fò sókè, àwọn tó ń kó oògùn náà wọlé láti òkè òkun jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin oníkẹ́místì tí mo ti ń rà á ní àdúgbò Barnawa yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò fẹ́ wò mí.

“Kò sí, tíṣà. Kò sí ní Kánò, kò sí ní Àbújá. Èyí tí àwọn kan ń gbé kiri nínú báàgì, èmi ò lè sọ pé kí ẹ mu ún o.”

Mo ti mu mẹ́ta tó gbẹ̀yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Dókítà sì ti sọ fún wa láìmọye ìgbà pé ọjọ́ díẹ̀ péré láìmu ún tó láti jí ìjà nínú ara. Àwa tí wọ́n gbin kíndìnrín fún nílùú yìí ní àṣà kan láàárín ara wa: bí tìrẹ bá tán, o ó pe ẹnìkejì, á yá ọ ní hóró díẹ̀ títí o ó fi rí rà. Mo pe Alhaji. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo pè é títí ó fi sú ìyàwó mi, ó ní, “Dádì, ẹ kúkú lọ bá wọn nílé.” Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo bọ́, mo wọ òmíràn, mo gba orí afárá kọjá sí Mando, mo ń to ẹ̀bẹ̀ mi lẹ́nu bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ ààyè.

Nígbà tí mo yọ sí àdúgbò wọn, ẹní ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi dóńgóyárò, àwọn ọkùnrin jókòó lé e. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Alhaji nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ àgbà ló sọ fún mi: ara bàbá wú, kíndìnrín yẹn ṣíwọ́, wọn ò gbé e dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́. Mo ní, “Allah ya jikansa,” kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, mo jókòó. Mo fẹ́ sunkún fún ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú mi ń lọ sára aago ọwọ́ mi. Ó ti kọjá aago méjì. Ìtìjú wo ló tún ju èyí lọ, kí o jókòó níbi òkú kí o máa ṣírò wákàtí?

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo fẹnu sétí ọmọ yẹn, mo tọrọ oògùn tí bàbá rẹ̀ mu kù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. “Malam, ohun tí bàbá fi sílẹ̀, ogún ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú nǹkan kan nínú rẹ̀ títí a ó fi pín in.” Kì í ṣe ìkà. Bí ẹ̀sìn wọn ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn, ó sì ń bẹ̀rù kí ó má ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Àlùfáà àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá tẹ̀sùbáà dúró. “Kí ni Malam ń fẹ́?”

“Oògùn bàbá wa ni.”

Àlùfáà náà yíjú sí àwọn ọmọ olóògbé tó tò lórí ẹní. “Ẹ̀yin ajogún, ta ni nínú yín tó máa gbé e mì?”

Ẹnì kan wúkọ́ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àlùfáà ní, “Ó dáa, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.” Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Opó Alhaji kò lè jáde sáàárín ọkùnrin. Ọmọdébìnrin kan ló gbé e wá látinú ilé nínú ọ̀rá dúdú: páálí kan tí wọn ò tíì tú, àti òmíràn tó kù ju ìlàjì lọ.

Inú kẹ̀kẹ́ ni ayọ̀ mi ti yí padà. Báwo ni ẹni tí oògùn rẹ̀ pọ̀ tó báyìí ṣe kú ikú àìrí oògùn? Mo rántí àwọn tó ń gbé ayédèrú rẹ̀ kiri nínú báàgì. Mo yẹ páálí náà wò, mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi èékánná ha lẹ́tà ara rẹ̀, bí ẹni pé mo mọ ohun tí mò ń wá. Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún ìyàwó mi, ó já ọ̀rá náà gbà.

“Dádì, ẹ má mu ún. Ohun tó pa wọ́n nìyẹn.”

“Bí mi ò bá mu ún ńkọ́?”

Ó jókòó, ó gbé ọ̀rá náà lé itan. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, òun fúnra rẹ̀ ló ka mẹ́ta sí mi lọ́wọ́, ó sì dojú kọ ògiri nígbà tí mo ń gbé e mì. Bí mo ṣe sùn, má bi mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ kan ojú mi, kò wú. Mo wo ẹsẹ̀ mi, kò wú. Mo tọ̀ sínú ife oníke tí mo fi ń wọn ìtọ̀ mi, ó kún bó ṣe máa ń kún. Ká sọ pé o wà níbẹ̀, ò bá rí bí àgbàlagbà ṣe ń jó nílé ìwẹ̀. Oògùn gidi ni! Ọgbọ́n bá dé sí mi. Ta ló mọ ìgbà tí ẹrù máa wọlé? Mo yọ mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, mo ronú díẹ̀, mo dá méjì padà sínú páálí. Inú mi dùn sí ara mi.

Fóònù dún. Opó Alhaji ni.

“Malam, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò rí sọ fún yín lánàá nítorí èrò. Alhaji ò mu oògùn yẹn bó ṣe yẹ. Látìgbà tó ti gbọ́ pé kò wọlé mọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló ń mu láàárọ̀. Wallahi, a bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ká jẹ́ kí òun ṣọ́ ọ lò.”

Ó ku hóró mẹ́sàn-án péré lọ́jọ́ tí ẹrù tuntun padà dé. Bí àwọn èèyàn bá sì ń sọ pé ayédèrú oògùn ló ń pani, mo máa ń gbà fún wọn; àmọ́ mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù kí ó má tán náà ń pani, tòun ti ojúlówó oògùn lọ́wọ́ ẹni. Àmọ́ láàárọ̀ tí opó náà pè mí, páálí tí mo dá méjì padà sí ni mò ń wò.

“Malam, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

Mo ní mò ń gbọ́. Mo yọ méjì yẹn jáde padà, mo kó wọn pọ̀ mọ́ ọ̀kan ọwọ́ mi, mi ò sì dúró wá omi kí n tó gbé wọn mì.