Olóòlà Tó Fẹ́ Ya Àwòrán Ẹ̀fẹ̀

Bàbá Ògúnwálé tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, olóòlà ni. Ogójì ọdún ló fi kọ ilà sójú ọmọ ọlọ́mọ. Ilà mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi yìí, òun ló kọ ọ́. Ìyá mi ní igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Adjarra. Àmọ́ nígbà tí Rẹfolúsọ̀n, ìjọba tuntun tó ní ká pa nǹkan àtijọ́ tì, fi máa pé ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ wá mọ́. Bàbá fi aṣọ di abẹ ẹ̀, ó wá ń jókòó síta látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi èédú ya Mùsíè Mounirou sára ògiri. Tíṣà ni Mounirou, òun náà ni agbẹnusọ kòmìtéè àdúgbò. Mo ya imú ẹ̀ bí ẹ̀gẹ́, mo ya ẹnu ẹ̀ bíi ti ẹja àrọ̀, mo sì ń sín ohùn ẹ̀ jẹ: "Kà-má-ráááà-dì! Ẹ́hùzù! Ayé ti yí, dandan ni!" Mo rò pé bàbá máa gbá mi létí. Ẹ̀rín ló bú sí. Àtìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, mi ò gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ rí.

"Moríyọ̀, kọ́ mi."

"Ẹ̀yin, bàbá? Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin?"

"Ṣé ọwọ́ mi ló kú ni?"

Bí èmi tí mi ò parí ilé ìwé ṣe di tíṣà arúgbó nìyẹn.

Mounirou gbọ́. Ó ní tí bàbá bá lè ya òyìnbó amúnisìn kan tó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín, òun máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iléèwé lọ́jọ́ àyájọ́ Rẹfolúsọ̀n, òun á sì kọ orúkọ bàbá sábẹ́ ẹ̀.

"Kí wọ́n tún dárúkọ mi mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré," ni bàbá ń sọ fún mi, "ó tó mi."

Wàhálà wá dé. Bí mo bá ti gbé kíréyọ̀n tí a fi ń ya àwòrán fún un, á kọ́kọ́ bi mí, bó ṣe máa ń bi àwọn ìyá kó tó gbé abẹ: "Ọmọ ta ni eléyìí?"

"Bàbá, ọmọ kíréyọ̀n ni."

"Mi ò rí ẹni tí ò nílé rí."

Ló bá fa mẹ́ta sẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta sí tòsì. Ó ya ọlọ́pàá, ó kọlà fún un. Ó ya ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà gba pélé! Kí n tó ní "Ẹ dúró!" ọwọ́ ti kọjá, kíréyọ̀n á sì ti lu ewé ìwé kàyé márùn-ún já.

Mounirou rí òyìnbó tó yà, ó figbe ta. "Bàbá! Òyìnbó wo ló ń kọlà? Nǹkan àtijọ́ nìyẹn! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídán ni mo fẹ́!"

"Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dídán, tó bá sọnù, ta ló máa dá a mọ̀?"

"Òyìnbó ni, bàbá. Kó sọnù!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ojú tiẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Mounirou, níbi tí ilà tí bàbá fúnra ẹ̀ kọ wà. Mounirou fọwọ́ bò ó.

Nígbà tó ku ọ̀la, bàbá ya ti àyájọ́ gan-an. Ikùn òyìnbó náà dà bí ìkòkò omi, fìlà ẹ̀ kéré bí èèpo ẹ̀pà, ẹyìn ọ̀pẹ wa kún ẹnu ẹ̀ títí kò lè pa á dé. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn ń dùn mí. Ìgbà yẹn ni mo rí i tí ọwọ́ bàbá ń lọ sẹ́rẹ̀kẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, bí ìyá ṣe ń di ọmọ mú lábẹ́ abẹ.

"Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tán."

Ó pẹ́ kí kíréyọ̀n tó bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, èrò pé sídìí ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, orúkọ ẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà. "Olóòlà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Bàbá sún mọ́ ọn, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ òyìnbó náà.

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi," ló wí. "Ibi tí iṣẹ́ mi ti máa bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dì mí lọ́wọ́ mú."

Mi ò rí ohùn ẹnikẹ́ni sín jẹ lọ́jọ́ náà.

Mounirou ní kí bàbá ya òmíì wá. Bàbá yọ kíréyọ̀n lápò, ó fún mi, ó ń lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé kàyé tuntun lọ bá a. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Ibi tí mo gbé e sí náà ló ṣì wà.