Ìbọn Tí Kò Ní Nímẹ́rò

Ọgbọ̀n ọdún ni Séraphin Adéríbigbé fi ṣe akọ̀wé ìjọba ní Ifangni, kò sì gba ìwé tí àlàfo kan ṣófo nínú rẹ̀ rí. Bí o bá gbàgbé orúkọ ìyá rẹ, o di ẹni tó ń padà sílé ní abúlé Tchaada nínú oòrùn. Àwọn èèyàn a máa sọ pé kí òjò tó rọ̀ sórí Séraphin, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú fọ́tò méjì wá.

Ó fẹ̀yìn tì tán ni ìkéde dé: ẹni tó bá jogún ìbọn, kó wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba á gbà á. Ẹ̀gbọ́n Séraphin ló jogún ilẹ̀ bàbá wọn, àbúrò rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́. Ìbọn nìkan ló kan òun, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Sylvie, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ló wà nídìí tábìlì báyìí. Ó wo ìwé tí Séraphin kọ wá, ó dá a padà.

"Papa, nímẹ́rò ìbọn dà? Ọdún tí wọ́n ṣe é ńkọ́?"

"Kò ní nímẹ́rò, wọn ò kọ nọ́mbà kankan sí i lára. Ọdún, mi ò mọ̀."

"Ah non, papa! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àlàfo kì í ṣe ìdáhùn."

Ohun tí a bá gbìn la ó ká. Ti Séraphin ti so jìngbìnnì.

Ó fi yanrìn fọ ìbọn náà kó lè dán, ó gbé e lọ bá Ifáṣínà, àgbà alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe ní Banigbé. Ifáṣínà káwọ́ lérí.

"Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́? Ìkòkò ọbẹ̀ ni? Àmì ara rẹ̀ la fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìwọ ń họ ọ́ dànù!"

"Ẹ má bínú, baba. Òun ni baba ńlá wa fi lé ọmọ ogun Dàhọ̀mì."

Ifáṣínà gba ìbọn náà. Ó yọ irin kúrò lára igi. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí yanrìn kò dé, àmì kan wà tó rí bí ẹyin: E, L, G nínú rẹ̀, adé kékeré lórí rẹ̀.

"Àwọn ará Bẹ́ljíìkì ló dán an wò kó tó dé ọjà, àmì wọn nìyí. Kó tó di 1893, wọn kì í dé ẹyin yìí ládé. Nígbà tí adé sì dé, àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Dàhọ̀mì. Ẹnu ni baba ńlá rẹ fi lé ọmọ ogun Dàhọ̀mì."

"Ọdún wo gan-an wá ni?"

"Ní nǹkan bí 1900."

"'Ní nǹkan bí' kì í ṣe ọdún!"

Nílé, Séraphin tẹ́ ìwé náà síwájú. Bó bá kọ 1900 gbáko, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè purọ́ sínú ìwé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ya àwòrán àmì náà lọ fún Sylvie, ó fi àyè ọdún sílẹ̀ lófìfo. "Ọmọ mi, kí ìjọba máa gba ìbọn náà," ló wí, ó gbé e sórí tábìlì.

Sylvie lẹ àwòrán náà sí àyè nímẹ́rò. Ó wá fa ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ Séraphin yọ nínú dossier, fáìlì rẹ̀ àtijọ́, ó fi ìka sí ìlà tí bàbá náà ti ń fi àtàǹpàkò bò láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ kà á."

"Né vers 1955," Séraphin kà á wúyẹ́wúyẹ́. A bí i ní nǹkan bí 1955.

"Ṣé ìjọba wá gbẹ́sẹ̀ lé yín, papa?"

Ó kọ "vers 1900" sí àlàfo náà, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. "Voilà. Ìbọn yìí fi ọdún márùndínlọ́gọ́ta jù yín lọ."

Séraphin nu ojú rẹ̀, ó gbá ìbọn náà mọ́ra.

"Ní nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta," ló wí. "Máa sọ nǹkan bó ṣe yẹ, ọmọ mi."